Láti Orí Ṣíbí Dé Inú Jíìnì: Ìtàn Wíwá Àmì Àtètèrí Àrùn Kíndìnrín Àjogúnbá, 1827 sí 2024

1. Ìfáàrà

Kíndìnrín jẹ́ ẹ̀yà ara tí kì í tètè ké. Méjì ni ó wà lára ènìyàn, ẹ̀yìn ìfun ni wọ́n wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n da ìdọ̀tí àti omi tí ó pọ̀jù sínú ìtọ̀, kí wọ́n sì dá ohun tí ara nílò padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí 1,000,000 asẹ́ wínníwínní ni ó wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé wọ́n pọ̀ tó báyìí, bí apá kan bá bàjẹ́, apá tí ó kù a máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ẹni tí ó ni ara kò sì ní fura. Nígbà tí ojú àti ẹsẹ̀ bá fi máa wú, tí oúnjẹ kò sì wu aláìsàn jẹ mọ́, àrùn náà ti lè wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí ìtàn ìṣègùn kíndìnrín fi jẹ́ ìtàn wíwá àmì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun tí a pè ní àmì àtètèrí ni ohunkóhun tí ó ṣeé rí, tí ó ṣeé wọ̀n, tàbí tí ó ṣeé kà nínú ìtọ̀, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú àwòrán inú ara tàbí nínú jíìnì, tí ó sì ń sọ pé àrùn ti bẹ̀rẹ̀ tàbí pé ó lè bẹ̀rẹ̀, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lára. Jíìnì ni ìlànà tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí àti ìṣe ara sí ọmọ. Ẹ̀dà kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ẹ̀dà kejì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá.

Ó yẹ kí á kíyè sí i pé apá méjì ni ìtumọ̀ òkè yìí ní. “Ó ti bẹ̀rẹ̀” yàtọ̀ sí “ó lè bẹ̀rẹ̀”. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé, láàárín 1827 sí 2024, bí àmì ti ń ṣáájú àrùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ipò àkọ́kọ́ bọ́ sí ipò kejì. Àmì tí ó pẹ́ kí ó tó fara hàn a máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Àmì tí ó yá a máa sọ̀rọ̀ ní ìdajì, ó sì nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Àwọn tí kò fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn ni ó máa ń sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di aláìsàn, tàbí kí wọ́n sọ aláìsàn di ẹni tí ara rẹ̀ le. Àrùn àjogúnbá mẹ́ta ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ: àrùn Alport, àrùn kíndìnrín alápò-omi, àti èyí tí ó jẹ mọ́ jíìnì APOL1, tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

2. Ìtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́

Wíwo ìtọ̀ kì í ṣe ohun titun. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi orúkọ Hippocrates pè, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìtọ̀ bá ń hó tí ìhóòhó náà kò sì tètè parẹ́, ó ń tọ́ka sí àìsàn kíndìnrín tí yóò pẹ́ lára. Ní 1764, Domenico Cotugno, oníṣègùn ará Ítálì, gbé ìtọ̀ aláìsàn kan tí ara rẹ̀ wú kaná, ó sì rí i pé ó dì bí omi funfun inú ẹyin. Ṣùgbọ́n kò tí ì sí ẹni tí ó so ohun tí ó dì yìí pọ̀ mọ́ kíndìnrín lọ́nà tí gbogbo ènìyàn lè gbà.

Richard Bright, dókítà ní ilé ìwòsàn Guy’s ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó so okùn náà. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1827, ó fi ohun mẹ́ta jọ sí ojú kan: ara tí ó wú, ìtọ̀ tí ó dì nígbà tí iná kàn án, àti kíndìnrín tí ó ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n la òkú aláìsàn wò. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ṣíbí àti àbẹ́là lọ. Yóò bu ìtọ̀ sínú ṣíbí, yóò gbé e sí ojú iná, yóò sì máa wo bóyá yóò di funfun. Ohun tí ó ń dì náà ni albumin, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí asẹ́ tí ó dá ṣáká kì í jẹ́ kí ó kọjá.

Ìjẹ́rìí ṣíbí yìí lágbára nítorí pé òkú ni ó tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni àbùkù rẹ̀ wà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti wú ni Bright ń yẹ̀ wò, nítorí náà àmì náà kò ṣáájú àrùn tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà, aláìsàn kọ̀ọ̀kan ni ó wà níwájú rẹ̀. Ìdílé aláìsàn kò sí nínú ìbéèrè náà.

Ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1886, Max Jaffe, ará Jámánì, ṣàlàyé bí creatinine ṣe ń yí àwọ̀ padà bí wọ́n bá pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì kan. Creatinine jẹ́ ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú jáde, kíndìnrín ni ó sì ń gbé e dànù. Láti inú àlàyé yìí ni ọ̀nà wíwọn iṣẹ́ kíndìnrín láti inú ẹ̀jẹ̀ ti dàgbà ní ọ̀rúndún ogún. Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí tí ó máa ń pẹ́ dé ni creatinine. Nǹkan bí ìdajì agbára kíndìnrín ti lè lọ kí iye rẹ̀ tó gòkè dé ibi tí yóò fi ba dókítà lẹ́rù. Ọdún 1963 ni Keen àti Chlouverakis gbé ọ̀nà kan jáde tí ó lè wọn albumin tí ó kéré jọjọ nínú ìtọ̀, èyí tí iná àbẹ́là kò lè fi hàn. Ìtọ̀ tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí àgbà tún wá di ẹlẹ́rìí tí ó yá.

3. Nígbà tí ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ ẹbí

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Nínú àrùn àjogúnbá, kékeré yìí lè ti wà kí wọ́n tó bí ọmọ náà, nínú ara ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀. Ìyípadà ńlá ni ó jẹ́ nígbà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni ó tún ní irú àìsàn yìí nínú ilé.

Ní 1902, Leonard Guthrie ṣe àkọsílẹ̀ ìdílé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Ní 1927, A. C. Alport, dókítà tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, padà sí ọ̀rọ̀ ìdílé náà. Ó rí ohun méjì tí ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni pé etí àwọn tí àìsàn náà ń bá jà ń di. Èkejì ni pé kò mú ọkùnrin bí ó ti ń mú obìnrin: àwọn ọkùnrin a máa kú ní ọ̀dọ́, àwọn obìnrin a sì máa dàgbà di arúgbó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà láti 1961.

Alport kò mọ ohun tí ó so etí mọ́ kíndìnrín. Ọdún 1990 ni ìdáhùn dé, nígbà tí àwọn olùwádìí rí àbùkù nínú jíìnì COL4A5 tí ó wà lórí kúrómósóòmù X. Jíìnì yìí ni ó ń darí okùn kan tí ara fi ń hun ògiri asẹ́ kíndìnrín, okùn náà sì wà nínú etí àti nínú ojú pẹ̀lú. Ọkùnrin kò ní ju X kan lọ. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí èkejì tí yóò dí àlàfo rẹ̀. Obìnrin ní méjì.

Nínú àrùn yìí, ìtọ̀ yá púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, tí ó jẹ́ pé maikirosikóòpù ni ó lè fi í hàn, a máa wà nínú ìtọ̀ ọmọkùnrin tí ó jogún rẹ̀ láti kékeré, ọ̀pọ̀ ọdún kí etí tó di àti kí kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ìtàn ẹbí ni ó ń sọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ìtọ̀ ni ó sì ń sọ ẹni tí ọ̀ràn náà ti kàn. Ẹlẹ́rìí méjì ni ó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹbí náà ṣi àwọn dókítà lọ́nà ní ibì kan. Nítorí pé obìnrin kì í tètè kú nínú rẹ̀, wọ́n pe àwọn ìyá ní arùjíìnì lásán, bí ìgbà tí ènìyàn bá ru ẹrù ẹlòmíràn kọjá. Ìwádìí tí ó dé lẹ́yìn náà fi hàn pé kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ń bàjẹ́ pẹ̀lú, àti pé ti àwọn kan a máa daṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà. Wọn kò yẹ̀ wọ́n wò dáadáa nítorí pé orúkọ tí wọ́n ti sọ wọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti yẹ̀ wọ́n wò.

4. Ẹ̀rí aládùúgbò: àrùn kíndìnrín alápò-omi

Nínú àrùn kejì, ìtọ̀ lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àpò omi kéékèèké ni ó ń yọ nínú kíndìnrín méjèèjì, tí wọ́n ń tóbi díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi gba ààyè àwọn asẹ́. Ní 1957, Ove Dalgaard, ará Denmark, gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí aláìsàn 284 àti àwọn ìdílé wọn. Iṣẹ́ yìí ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí òbí kan bá ní àrùn náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá bí wà láàárín méjì: yóò jogún rẹ̀ tàbí kò ní jogún rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá da owó ẹyọ sókè. Ìmọ̀ yìí wúlò fún olùwádìí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nínú ilé náà kò lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí owó ẹyọ tirẹ̀ fi balẹ̀.

Skáànù tí ń fi ìró ya àwòrán inú ara ni ó kọ́kọ́ fún un ní ìdáhùn. Ó lè rí àpò omi kí ara tó ro ẹnikẹ́ni. Ààlà rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí ni ó ń dúró dè: àwòrán tí kò fi àpò omi hàn lára ọmọ ọdún 15 kò tí ì sọ pé ọmọ náà bọ́.

Ní 1985, Stephen Reeders àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò tí ì mọ jíìnì tí ó ń fa àrùn náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú àwọn ìdílé tí wọ́n yẹ̀ wò, àrùn náà máa ń bá àmì kan rìn lórí kúrómósóòmù 16, nítòsí jíìnì alpha-globin tí ó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Àmì yìí kò mọ ohunkóhun nípa kíndìnrín. Aládùúgbò lásán ni. Ẹni tí ó bá ti jogún ilé rẹ̀ ni ó sábà máa ń jogún ilé kejì. Síbẹ̀, ó tó láti fi sọ fún ẹni tí kò ní ìrora kankan pé ó ṣeé ṣe kí ó ti jogún àrùn bàbá rẹ̀.

Ẹ̀rí aládùúgbò a máa já ènìyàn kulẹ̀. Ní 1988, ìwádìí mú àwọn ìdílé kan jáde tí wọ́n ní àrùn náà gan-an ṣùgbọ́n tí àrùn wọn kò bá àmì orí kúrómósóòmù 16 rìn. Ká ní wọ́n gbára lé àmì yẹn nìkan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá sọ irọ́ fún àwọn ọmọ. Ọdún 1994 ni wọ́n rí jíìnì àkọ́kọ́, PKD1. Ọdún 1996 ni wọ́n rí èkejì, PKD2, tí ó wà lórí kúrómósóòmù 4.

Ìbéèrè kan wà tí àmì yìí fi sílẹ̀ fún ẹbí: kí ni ìwúlò kí ọmọ mọ̀ ní ogún ọdún ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i ní àádọ́ta ọdún, nígbà tí kò sí oògùn? Láàárín 1985 sí ìgbà tí oògùn tolvaptan tó gba àṣẹ, ní Japan ní 2014 àti ní Amẹ́ríkà ní 2018, kò sí oògùn kan tí àṣẹ wà fún láti dẹ ẹsẹ̀ àrùn náà. Títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun tí dókítà lè ṣe. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni àmì fi ṣáájú ìwòsàn.

5. APOL1: àmì tí ó ti ọ̀dọ̀ Yorùbá jáde

Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú ń daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi. Àwọn mìíràn tọ́ka sí òṣì àti àìrí ìtọ́jú gbà. Àlàyé wọ̀nyí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí tí àìsàn náà fi ń wọ inú ìdílé kan tí kò sì wọ inú ìdílé mìíràn ní àdúgbò kan náà.

Ní 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì gbé èsì jáde nígbà kan náà. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti Yúróòpù ti pò pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wọ́n wá ibi tí ogún Áfíríkà ti pọ̀ lára àwọn aláìsàn ju bí ó ti yẹ lọ. Orí kúrómósóòmù 22 ni wọ́n bá a, nínú jíìnì tí ń jẹ́ MYH9. Àmì náà lágbára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí àbùkù nínú MYH9 tí ó lè ṣàlàyé àìsàn náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1985 ni ó tún padà wá: aládùúgbò ni wọ́n mú.

Ìlú Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti rí onílé gan-an. Nínú iṣẹ́ HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe láti ya àwòrán ìyàtọ̀ inú jíìnì ọmọ ènìyàn, àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: bàbá, ìyá àti ọmọ kan tí ó ti dàgbà láti inú ìdílé 30, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ ènìyàn 90. YRI ni orúkọ ìdámọ̀ tí wọ́n fún àkójọ náà. Iṣẹ́ 1000 Genomes, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tún ka jíìnì àwọn Yorùbá Ìbàdàn ní kíkún sí i. Nínú àkójọ yìí ni Giulio Genovese, David Friedman, Martin Pollak àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ti wá ìyàtọ̀ tí ó pọ̀ lára ọmọ Áfíríkà tí ó sì ṣọ̀wọ́n lára ará Yúróòpù ní àdúgbò MYH9. Ní 2010, wọ́n kéde pé jíìnì tí ó múlé ti MYH9, APOL1, ni ọ̀ràn náà wà. Ẹgbẹ́ mìíràn láti Ísírẹ́lì, tí Tzur ṣáájú orúkọ wọn, dé ibi kan náà ní ọdún kan náà. Oríṣi APOL1 méjì ni ó ń fa ewu, wọ́n sì pè wọ́n ní G1 àti G2. Lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn, nǹkan bí 40 nínú ẹ̀dà 100 ni ó jẹ́ G1. Lára àwọn ará Yúróòpù, China àti Japan tí ó wà nínú àkójọ náà, wọn kò rí i.

Báwo ni ohun tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́ ṣe wá pọ̀ tó báyìí? Ìdáhùn wà nínú àìsàn mìíràn. Ẹgbẹ́ Etienne Pays ní Bẹ́ljíọ̀mù ti fi hàn ní 2003 pé APOL1 ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń pa kòkòrò àìsàn sùnrunsùnrun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Oríṣi kòkòrò kan, rhodesiense, ti kọ́ bí yóò ṣe sá fún un. Iṣẹ́ 2010 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní G1 tàbí G2 lè pa rhodesiense náà. Ohun tí ó ru ìbéèrè ni pé apá ìlà-oòrùn Áfíríkà ni rhodesiense wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ni G1 ti pọ̀ jù. Ìwádìí kan ní Gínì ní 2017 dá kún ọ̀rọ̀ náà: ó fi hàn pé lára àwọn tí kòkòrò ìwọ̀-oòrùn, gambiense, ti wọ̀ lára, àwọn tí ó ní G1 sábà máa ń gbé e láìṣàìsàn, ṣùgbọ́n G2 ń fi kún ewu àìsàn náà. Ohun tí ó gba àwọn baba ńlá lọ́wọ́ ikú kan ni ó wá ń ṣí ilẹ̀kùn fún òmíràn lára àwọn ọmọ.

6. Ohun tí jíìnì sọ àti ohun tí kò sọ

Lójú ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè mú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ AS àti SS wá sọ́kàn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà bá a mu ní ọ̀nà kan, nítorí pé ẹ̀dà AS ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà, bí G1 ti ń dáàbò boni lọ́wọ́ kòkòrò. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ewu wà. Ẹni tí ó jẹ́ SS ní àrùn. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà APOL1 eléwu méjì kò tí ì ní àrùn kankan, ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kò sì ní ní i títí wọn yóò fi re ìwàlẹ̀ àsà. Nǹkan bí 13 nínú 100 aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó ní ẹ̀dà méjì. Àwọn tí kíndìnrín wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn kéré sí àwọn tí tiwọn kò daṣẹ́ sílẹ̀.

Lára àwọn tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí mú, jíìnì náà sọ̀rọ̀ ketekete. Ní 2013, ìwádìí kan tí Parsa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí kíndìnrín wọn ti ń ṣàìsàn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru fi hàn pé àìsàn 58.1 nínú 100 àwọn tí ó ní ẹ̀dà méjì ni ó burú sí i dé ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Ti àwọn yòókù jẹ́ 36.6. Wọ́n sì tún rí i pé ohun kejì ni ó máa ń ta jíìnì náà jí. Kòkòrò HIV jẹ́ ọ̀kan. Interferon, èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà tí àwọn dókítà sì fi ń ṣe oògùn, jẹ́ òmíràn. Àlàyé rẹ̀ jáde ní 2015.

Ohun Abóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ni ó ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí. Ìtàn APOL1 kò jẹ́ kí á lo òwe yìí láìwòye. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣègùn Amẹ́ríkà fi àwọ̀ ara ṣe àmì. Nínú ìṣirò agbára kíndìnrín tí ó jáde ní 1999, wọ́n fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún ti ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èyí lè mú kí kíndìnrín tí ó ti ń bàjẹ́ dà bí ẹni pé ó ṣì dára, kí aláìsàn sì pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà kíndìnrín Amẹ́ríkà dábàá pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìwádìí tí ó sì jáde ní 2011 lára àwọn ará Etiópíà kò rí ẹ̀dà eléwu APOL1, bẹ́ẹ̀ ni kò rí àrùn kíndìnrín tí HIV ń fà lára wọn. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Kì í ṣe gbogbo Ọlọ́ya ni Abóyadé.

Ìdáhùn láti ilé dé ní 2024. Ẹgbẹ́ H3Africa tí ń ṣe ìwádìí àrùn kíndìnrín ní Gánà àti Nàìjíríà gbé èsì jáde, Rasheed Gbadegesin ni orúkọ rẹ̀ sì ṣáájú. Ènìyàn 8,355 ni ó kópa, àwọn aláìsàn àti àwọn tí kò ní àìsàn. Nínú wọn, 29.7 nínú 100 ní ẹ̀dà eléwu méjì, 43.0 nínú 100 sì ní ẹyọ kan. Ẹni tí kò ní rárá ni ó kéré jù. Ohun méjì nínú èsì yìí yí ìmọ̀ padà. Àwọn ìwádìí Amẹ́ríkà ti mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀dà méjì ni ó ń fa ewu. Ìwádìí yìí rí i pé ẹyọ kan pẹ̀lú ń fi ìdá 18 nínú 100 kún ìṣeéṣe àrùn. Èkejì, ẹ̀dà méjì kò fi ju ìdá 25 nínú 100 kún un, èyí tí ó kéré gan-an sí ìlọ́po púpọ̀ tí èsì 2010 gbé jáde lára àwọn aláìsàn Amẹ́ríkà tí wọ́n yẹ̀ wò.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ní ìtumọ̀ fún ìgbéyàwó àti fún ẹbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi APOL1 ya àfẹ́sọ́nà sọ́tọ̀ bí wọ́n ti ń fi AS àti SS ṣe é, kò ní í rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò kù láti fẹ́. Kò sì ní í dá àrùn náà dúró. Ibi tí àmì náà ti wúlò gan-an ni ibi tí ọmọ ìyá bá fẹ́ fi kíndìnrín kan ta ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Ẹbí kan náà ni wọ́n, wọ́n sì lè jọ jogún ẹ̀dà kan náà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 rí i pé agbára kíndìnrín tí ó kù lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó tọrẹ, tí wọ́n sì ní ẹ̀dà méjì, ń yára dínkù ju ti àwọn tí kò ní i lọ. Níhìn-ín, bí wọn kò bá béèrè, inú rere lè sọ aláìsàn kan di méjì.

Oògùn náà ti ń yọjú. Ní 2023, èsì ìdánwò kékeré kan jáde lórí inaxaplin, oògùn tí ó ń dí iṣẹ́ APOL1 lọ́wọ́. Lára àwọn aláìsàn 13 tí wọ́n lo oògùn náà bí ó ti yẹ, tí wọ́n sì ní ẹ̀dà méjì, èròjà tí ń jò sínú ìtọ̀ dínkù ní ìdá 47.6 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n fi wọn àṣeyọrí oògùn tí wọ́n ṣe láti inú ìmọ̀ jíìnì. Ìtọ̀ ni, ohun tí Bright ń wò nínú ṣíbí rẹ̀ gan-an.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn bí àmì titun ṣe lé àmì àtijọ́ lọ. Ìtọ̀ sọ pé àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ẹbí sọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Jíìnì sọ ẹni tí ewu wà lọ́nà rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn ṣe onídàájọ́ láìsí ẹlẹ́rìí kejì, àwọn kan ni ó jìyà rẹ̀: àwọn ìyá inú ìdílé Alport tí wọ́n pè ní arùjíìnì lásán, àwọn ìdílé tí aládùúgbò orí kúrómósóòmù 16 kò lè jẹ́rìí fún, àwọn aláìsàn tí wọ́n fi àwọ̀ ara díwọ̀n kíndìnrín wọn.

Fún ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ìdílé Ìbàdàn fi sílẹ̀ wà lára ohun tí ó ṣí APOL1 payá fún gbogbo ayé. Láàárín àkókò yẹn kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kíndìnrín ní Nàìjíríà fi ń san owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì lè san án pẹ́. Ìmọ̀ jíìnì kò lè dí àlàfo yìí. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó sọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́nà. Níbi tí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́wàá ti lè ní ẹ̀dà eléwu méjì, yíyẹ ìtọ̀ wò lọ́dọọdún àti wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí owó wọn kò tó nǹkan, ni ẹlẹ́rìí tí àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò lè kọ́kọ́ pè. Bí ìtọ̀ bá ti sọ̀rọ̀, nígbà náà ni ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí jíìnì ní láti sọ.